Ìràwọ̀ Mẹ́tàdínlógún

Bí aago mẹ́rin ọ̀sán bá ti lù, àbíkẹ́yìn á ti bàbá rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn dé iwájú tẹlifíṣọ̀n, á tẹ bíréèkì rẹ̀, á sì ṣí ìwé àkọsílẹ̀ bàbá.

"Ìkẹsàn-án ló kàn lónìí, Bàbá. Èyí tí áńgẹ́lì wá gba káàdì ìdánimọ̀."

Láti oṣù mẹ́rin tí ẹ̀gbà ti kọlu bàbá, ọ̀rọ̀ kan kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ kò gbé nǹkan. Ọrùn rẹ̀ pàápàá kò gún mọ́; ó máa ń yí sápá òsì, síbi àga búlúù tí ìyá wọn ń jókòó sí kó tó di olóògbé lọ́dún méjì sẹ́yìn. Àbíkẹ́yìn fi ọwọ́ méjèèjì dá orí náà padà síwájú tẹlifíṣọ̀n, jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin.

"Ohun tí wọ́n bá fẹ́ràn jù ni kẹ́ ẹ máa fún wọn," obìnrin tó ń bá wọn tọ́jú iṣan rẹ̀ ti sọ. "Ayọ̀ ló ń jí ọpọlọ."

Mímọ ohun tí bàbá fẹ́ràn kò le. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá fi ṣe sítọ́kípà nílé iṣẹ́ ọ̀dà, bó sì ṣe ń kọ nǹkan sílẹ̀ níbẹ̀ náà ló ń kọ ọ́ nílé: ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ gílóòbù, ọjọ́ tí eyín ọmọ kọ̀ọ̀kan yọ. Odindi ìwé kan jẹ́ ti eré àwòrán ẹlẹ́dẹ̀ ọjọ́ Sátidé. Gbogbo apá eré náà ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú déètì. Mẹ́tàdínlógún nínú wọn ló ní ìràwọ̀, àlàyé ṣókí sì tẹ̀ lé e: "Ẹ̀rín ìṣẹ́jú mẹ́rin." "Tíì dà nù." "Omijé." Àkọsílẹ̀ náà dúró láàárín ojú ewé, lọ́dún méjì sẹ́yìn. Àbíkẹ́yìn gbà pé ojú ló ti ń dun bàbá nígbà náà.

Àwọn ọmọ kò wò ó rí nígbà tí wọ́n kéré. Ẹlẹ́dẹ̀ tó jẹ́ olórí ìlú inú eré náà kò nítìjú: á só níbi ìsìnkú, á bú adájọ́, á sì máa bi Ọlọ́run ní ìbéèrè tí kò yẹ. Tí eré bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìyá wọn, ọ̀gá ilé ìwé tí kì í fi eyín han ẹnikẹ́ni, á lé wọn sí àgbàlá, á ti ilẹ̀kùn. Ìta ni wọ́n ti ń gbọ́ ọwọ́ tó ń gbá apá àga, gbà! gbà! gbà!, àti ẹ̀rín tí ohùn ti tán nínú rẹ̀, tó ku èémí lásán. Tó bá parí, ìyá wọn á ṣílẹ̀kùn, ojú rẹ̀ á le bíi pátákó.

"Bàbá yín àti ìwà ọmọdé," ló máa ń wí.

Bàbá kì í jiyàn. Ìràwọ̀ lá máa yà sínú ìwé.

Ẹ̀gbọ́n wọlé nígbà tí áńgẹ́lì inú eré wà lórí ìlà, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹlẹ́dẹ̀ yìí náà ni?"

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jókòó."

Ó fẹ́ fìdí lé àga búlúù. Ìró kan jáde lọ́nà ọ̀fun bàbá: "Hùùn!" Ẹ̀gbọ́n fò dìde.

"Ẹ gbọ́ yẹn?" Àbíkẹ́yìn ti ń kọ aago sílẹ̀. "Ibi tí wọ́n ti ní kí áńgẹ́lì lọ mú ìwé ọjọ́ ìbí wá ló dùn mọ́ wọn!"

"Ìparí oṣù la fàdéhùn sí," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Bí kò bá síyàtọ̀, mò ń gbé wọn lọ sílé ìtọ́jú àgbà. Ìwọ náà ò ní fi gbogbo ayé ẹ ti kẹ̀kẹ́."

"Ìyàtọ̀ wà. Ẹ wojú wọn."

Omi ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá.

"Ẹkún nìyẹn."

"Ẹ̀rín ni. Ó wà nínú ìwé: omijé, ẹ̀ẹ̀mẹfà."

Ẹ̀gbọ́n gba ìwé náà. "Ẹ̀rín ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín tún ráyè wo aago?"

"Bàbá ni kẹ̀. Iṣẹ́ sítọ́ọ̀ ò kúrò lára wọn."

"Hẹn. Ṣáà má fi ẹlẹ́dẹ̀ pa bàbá fún wa."

Láti ọjọ́ yẹn, àbíkẹ́yìn sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Wọ́n fi bẹ́líìtì gba bàbá láyà kó má baà yọ̀ bọ́ lórí kẹ̀kẹ́. Obìnrin olùtọ́jú fi pẹ́ńsù sí i lọ́wọ́ òsì. Ó kọ́kọ́ fa ìlà, ó wá ń ṣe òdo. Àbíkẹ́yìn ṣàkíyèsí pé ìgbà tí eré bá ń lọ lọ́wọ́ ni ọwọ́ náà ń lágbára jù. Nígbà mìíràn, pẹ́ńsù á kán.

"Ẹ ò rí i?" ló ń wí fún obìnrin náà. "Oògùn ni ẹlẹ́dẹ̀ yìí."

Ọjọ́ tí oṣù parí, gbogbo wọn pé. Ìkẹtàdínlógún ni wọ́n tún ń wò. Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. Orí bàbá yí sí àga búlúù; àbíkẹ́yìn dá a padà; ó tún yí. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ òsì tó mú pẹ́ńsù gbéra lórí bébà. Lẹ́tà kan jáde, òmíràn tẹ̀ lé e, gàgàrà, wọ́gọwọ̀gọ. Ó kọ ọ́ títí tí eré fi parí, tí ẹlẹ́dẹ̀ bẹ̀rẹ̀ orin ìdágbére rẹ̀.

"Mo wí fún yín, àbí mi ò wí?" Àbíkẹ́yìn ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Ó mú bébà náà, ó kà á sókè kí Ẹ̀gbọ́n lè gbọ́.

"Ẹ bá mi pa tẹlifíṣọ̀n yìí, mi ò wo ẹlẹ́dẹ̀ yìí rí, ìyá yín tó ń rẹ́rìn-ín ni mo máa ń wò."