Àwọ̀n Inú Itan

Dókítà jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ìyá jókòó sórí àga ike níwájú rẹ̀. Ilẹ̀ wọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ kò tíì gbẹ.

"Dókítà, tún un sọ fún mi," ni ìyá wí. "Ẹkún kò jẹ́ kí n gbọ́ èyí tí o sọ lánàá."

Dókítà mú báírò. "Egungun itan tí jẹjẹrẹ wọ̀ nìyí, Mà. Wọ́n á gé e kúrò, wọ́n á fi irin rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹran ara kì í lẹ̀ mọ́ irin." Ó yọ ègé àwọ̀n funfun kan láti inú àpò kóòtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wé e mọ́ báírò náà. "Wọ́n á wé èyí mọ́ irin, wọ́n á wá rán iṣan mọ́ ọn."

Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí ìyá ti ń ránṣọ. Ó fi ìka méjì fa àwọ̀n náà wò.

"Ó fẹ́lẹ́. Irú èyí la fi ń ṣe ìbòjú ìyàwó."

"Ó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, Mà."

"Èèyàn mélòó lo ti rán an fún?"

"Mọ́kànlélógún."

"Mélòó ló ń rìn nínú wọn?"

"Mẹ́rìndínlógún."

Ìyá ò béèrè ìyókù. Dókítà ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀. "Kòkòrò wọ inú àwọ̀n àwọn márùn-ún tó kù. A gé ẹsẹ̀ wọn."

"Ṣé ìwọ kọ́ lo máa rán tòní?"

"Ọ̀gá mi ni."

"Ṣé iṣẹ́ ẹ̀ dán tó tìẹ?"

"Òun ló kọ́ mi, Mà."

"Ọ̀gá tèmi náà ló kọ́ mi. Síbẹ̀, mo mọ aṣọ rán jù ú lọ."

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Sọ fún un kó má fa òwú le jù. Ohun tó bá fẹ́lẹ́, yíya ló ń ya."

"Màá sọ fún un."

"O ti jẹun?"

"Kò sáyè oúnjẹ lónìí, Mà."

Ìyá di ọwọ́ Dókítà méjèèjì mú. "Ṣé ọmọ mi á tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn?"

Dókítà wo ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ti bi í ní ìbéèrè yìí, kò sì sí ìgbà tí kò rí nǹkan sọ.

"Mi ò mọ̀, Mà."

"Ìwọ, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí o kà."

"Mi ò mọ̀."

Ìyá dijú. "Olúwa, kò sóhun tí mo lè ṣe. Dókítà pàápàá, kò sóhun tó lè ṣe."

Dókítà ṣe àmín.

Nọ́ọ̀sì ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn wọlé, ó mú gègé tí wọ́n fi ń sàmì síbi iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́. "Ẹ má bínú, Sà, òfin ni. Ẹnu aláìsàn fúnra rẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ wo ni?"

Dókítà, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá bí, ká aṣọ kúrò lórí itan òsì ara rẹ̀, ó ní, "Èyí ni."