Ẹni Tó Sá Lọ ní Ìjọ́ra

Ṣé ẹ ti rí obìnrin tó múra lọ síbi eré ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sí kóòtù? Bí Christianah ṣe múra ní Sátidé yẹn nìyẹn. Búbà àti ìró dúdú ló wọ̀, kò fi nǹkan kan sọ́rùn.

Télọ̀ ni, ní Mushin. Òun nìkan ló tọ́ Morákinyọ̀ dàgbà. Láti kékeré ló ti sọ fún un pé mọ́tò ló pa bàbá rẹ̀ ní Ìjọ́ra, awakọ̀ sì sá lọ. Oríkì ilé bàbá náà ló fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ọmọ gbé e dé Kánádà, ó fi kọ rẹ́gẹ̀, àwọn ará Jàmáíkà ibẹ̀ ń bá a gbè é láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ogún ọdún kọjá kó tó wálé wá ṣeré. Yábàá ló fẹ́, níbi táwọn ọ̀dọ́ wà. Ìyá ní Ìgànmú ni, ní ọ̀sán, nítorí àwọn àgbà. Òun ló yan alága, baba arúgbó kan tó ń ta pákó ní Òtò. Christianah ní kí wọ́n má kọ orúkọ òun sórí káàdì.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, Morákinyọ̀ tún sọ ohun tó ti máa ń sọ láti kékeré.

"Màámi, ọjọ́ tí mo bá mọ orúkọ awakọ̀ yẹn, gbogbo ayé ló máa mọ̀ ọ́n."

"Kọrin ẹ," ni ìyá wí. "Ibi tí mo kọ́ ẹ dé nínú oríkì yẹn ni kó o dúró."

Ó lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá.

Gìtá dún, báàsì gbà á. Morákinyọ̀ ki ilé bàbá rẹ̀:

"Ọmọ alágbẹ̀dẹ, ọmọ a-rọkọ́-má-roko…"

Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ kọ́ ọ dé, ó dúró. Alága ti dìde, ó ti ṣí fìlà. Wọn kì í ki èèyàn kó jókòó.

"Iṣu ni í wá wọn wálé," baba bá a parí ẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ilé àwọn nìkan ló ni oríkì yẹn, ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Morákinyọ̀ dì mọ́ ọn, ó ń sọ fún gbogbo èrò pé òun ti rí ẹbí bàbá òun. Baba náà fọwọ́ gbá a láyà, ó ní ọmọ àwọn ni lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ ò lè parọ́.

Christianah rọra rìn wá síwájú, ó gba máíìkì. Baba rí ojú rẹ̀. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Mọ́tò kankan ò pa ẹnì kankan ní Ìjọ́ra, ọmọ mi, ẹni tó sá lọ nígbà tí oyún ẹ pé oṣù mẹ́ta, tó ní òun ò mọ̀ mí rí, lo dì mọ́ yẹn: bàbá ẹ, Abọ́dúndé."