Àpótí Tó Sùn Nílé Bàbá Vinton

Ní àdúgbò wa ní Kingston, àpótí sípíkà tuntun kì í ti ọwọ́ ẹni tó kàn án lọ síbi ijó tààrà. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sùn nílé ọ̀gá tó kọ́ onítọ̀hún níṣẹ́, kí ọ̀gá lè fi etí sí i. Ọdún mọ́kànlá ni Lascelles fi ń gbé tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Vinton, arúgbó kápẹ́ńtà tí ayùn ti gé ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Bàbá á fi ìkúùkù kàn án wò, á ní, "Fi í sílẹ̀ dọ̀la."

Pearnel, tó ń fi ẹ̀rọ orin rẹ̀ díje kiri ìlú, kì í ra àpótí lọ́wọ́ ẹlòmíì yàtọ̀ sí Lascelles. Àwọn tó ń bá a rù ú nìkan ló ń ráhùn.

"Lascelles, nígbà tá a gbé e lọ, ó fúyẹ́. Nígbà tá a gbé e bọ̀, ọrùn wa fẹ́ ṣẹ́. Kí ni Bàbá ń fún un jẹ?"

"Ilé Bàbá ló tutù," ni Lascelles wí. "Pákó ń mu omi."

Lascelles kì í fi igi ìdábùú, tí kì í jẹ́ kí pákó gbọ̀n, sínú àpótí. Ó ní ti ẹni tí iṣẹ́ ò dá lójú nìyẹn. Nígbà tó yá, gbígbé àpótí lọ gbígbé e bọ̀ sú u.

"Bàbá, àpótí kì í ṣe ọmọ tuntun tá a fẹ́ gbé lọ han ìyá àgbà. Mi ò gbé e wá mọ́."

Bàbá Vinton wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó dáa. Ṣáà fi igi díẹ̀ dábùú inú rẹ̀."

Lascelles rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n gbé àpótí tuntun tí kò sùn nílé Bàbá jáde lórí pápá, níwájú àwọn tí wọ́n jọ ń díje. Orin kìíní ò tíì dé ìdajì tí àpótí fi ń gbọ̀n, tó ń pariwo bí ọmọrí ìkòkò lórí iná.

"Ẹ dákun, ṣé oyin lẹ kó síbẹ̀ ni?" Obìnrin tó ń ta ẹja díndín ló bi wọ́n, gbogbo pápá sì bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Lascelles débi pé kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

Pearnel pa ẹ̀rọ. "Tó bá jẹ́ bó o ṣe fẹ́ máa ṣe é nìyí, màá wá ẹlòmíì."

"Pákó yìí ni kò dáa. Ọwọ́ kan náà ló kan gbogbo wọn. Ẹ gbé ọ̀kan wá nínú àwọn ti àtijọ́, kí n ṣí i lójú gbogbo yín. Tẹ́ ẹ bá rí igi ẹyọ kan nínú rẹ̀, mi ò kan àpótí mọ́ láyé mi."

Wọ́n gbé e wá. Bàbá Vinton dìde lábẹ́ igi máńgòrò tó jókòó sí.

"Lascelles, fi í sílẹ̀. Jẹ́ ká lọ sílé."

Lascelles ti dé ìdí àpótí. Ó tú sukúrúù ẹ̀yìn àpótí níkọ̀ọ̀kan, ó ṣí pákó kúrò, ó sì bẹ̀rẹ̀ wo inú rẹ̀.

Igi ìdábùú mẹ́rin ló wà níbẹ̀, wọ́n gún régé. Lójú gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ sára èyí tó wà láàárín, ipa ọwọ́ kan hàn kedere: àtàǹpàkò àti ìka méjì péré.