Àrólé Sọ Ilé Orin Di Ilé Ara Rẹ̀

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé òpin, nítorí irú ọkùnrin yìí kò wọ́n láàrin wa.

Bàbá Onígìtá ni wọ́n ń pe bàbá rẹ̀. Kí bàbá tó kú, ó pe ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, "Ẹ má ta ilé yìí. Olórin, ayàwòrán, òǹkọ̀wé tí kò bá ríbi jókòó ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kó wá máa gbé ibẹ̀ fúngbà díẹ̀."

Èyí ọkùnrin ni àgbà, òun ni wọ́n ń pè ní Àrólé. Kò mọ gìtá ta, kò lè kọrin, kódà àtẹ́wọ́ rẹ̀ kì í bá ìlù mu. Ṣùgbọ́n bí bàbá ṣe wọlẹ̀ tán, ó wú bí búrẹ́dì inú omi.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, onídìrí tó tọ́jú bàbá títí ó fi dákẹ́, ló kọ́kọ́ lé jáde.

"Bọ̀ọ̀dá mi, níbo ni kí n lọ?"

"Ilé oníṣẹ́ ọnà nìyí. Ṣé irun ni wọ́n fẹ́ wá wò?"

Obìnrin náà di ẹrù rẹ̀, kò bá a jà.

Ayàwòrán kan dé, afunfèrè kan dé, òǹkọ̀wé obìnrin kan náà dé. Kí ni wọ́n bá? Fọ́tò Àrólé ní gbogbo yàrá, títí kan ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó ní kí ayàwòrán pa iṣẹ́ tó gbé wá tì, kó ya òun. Ó ní kí afunfèrè má fun fèrè lọ́sàn-án mọ́, torí òun máa ń sùn. Ẹ gbọ́ nǹkan! Nínú ilé olórin, orin ń da oorun rẹ̀ rú.

Nígbà tí ọjọ́ ìṣílé, tí yóò bá àwọn àlejò sọ̀rọ̀, ku díẹ̀, ó fẹ́ gbọ́ bí ohùn òun yóò ṣe rí. Ó tan ẹ̀rọ tí bàbá fi ń gba orin sílẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kan wà nínú rẹ̀.

Òǹkọ̀wé ní, "Ọ̀gá, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó wà lórí ẹ̀."

"Kí ló máa wà níbẹ̀? Ariwo bàbá mi náà ni."

Ó tẹ ibi tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ ìṣílé, pálọ̀ kún. Àbúrò rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá arúgbó kan tó ti bá olóògbé ṣeré fún ọ̀pọ̀ ọdún dìde, ó ní, "Ká tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan, ẹ jẹ́ ká gbọ́ orin tí ọ̀rẹ́ mi gbà sílẹ̀ kẹ́yìn. Ó ní inú ẹ̀rọ yìí ló wà."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àrólé ló ń wúkọ́. "Èmi, àrólé ìdílé yìí... Rárá. Èmi, àrólé pàtàkì ìdílé yìí..." Wọ́n yí i síwájú, òun náà ni. Wọ́n yí ojú kejì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ṣé òmíì ò sí?" arúgbó náà bèèrè.

"Kò sí, bàbá," àbúrò Àrólé dáhùn. Omi ń dà lójú rẹ̀.

Arúgbó náà ṣí fìlà, ó jáde. Gbogbo ilé tẹ̀ lé e. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, àwọn oníṣẹ́ ọnà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kó ẹrù wọn, kò sì sẹ́ni tó wá rọ́pò wọn mọ́ láéláé.

Nígbà tí ilé wá dá páro fún Àrólé, ó wá àbúrò rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń dìrí.

"Ṣé o rántí orin náà?"

"Ìlà kan ni mo rántí."

"Jọ̀ọ́, kọ ọ́ kí n gbọ́."

Kò gbójú sókè. Ó ń ya irun oníbàárà rẹ̀ lọ. "Mi ò ní kọ ọ́ fún yín, bọ̀ọ̀dá mi."

Ó padà sílé, òun nìkan, pẹ̀lú fọ́tò ara rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ jogún orúkọ, tí ẹ ò jogún iṣẹ́, ẹ ṣọ́ra. Ohun tí òkú fi sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ má fi ṣe ti ara yín nìkan. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.