Ẹ̀rọ Tó Ń Béèrè Ilé

Ọjọ́ kẹta rèé tí a ti ń tọ́jú aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní abúlé yìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ àyẹ̀wò tí a gbé wá láti Ìbàdàn ò jẹ́ kí iṣẹ́ yá. Kì í yẹ ẹnikẹ́ni wò àfi tó bá kí i tán.

"Bàbá Kẹ́fìn, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Mo jágbe mọ́ ọn: "Orúnkún ló ń dùn wọ́n! Kí ló kàn ọ́ nínú ilé wọn?" Mo nawọ́ sí bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa ìkíni náà.

Bàbá di ọwọ́ mi mú. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó tún béèrè ilé mi. Láti àná ni orúnkún mi ti san."

Mo yọjú síta. Mo ní kí ẹni tí ara rẹ̀ le kúrò lórí ìlà.

Gbogbo àwọn tó tò síta ń wo ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó mira.