Ìdánrawò Nínú Ọgbà Coolock

Ní oṣù October ọdún 2005, àwọn ará àdúgbò kan ní Coolock, ní ìlú Dublin, ṣe ìdíje ère koríko nínú ọgbà ìgbafẹ́ wọn, irú ère tí àgbẹ̀ fi ń lé ẹyẹ lóko. Ilé kọ̀ọ̀kan gbé tirẹ̀ wá. Bíríkìlà kan dé akoto, ìyàwó kan wọ aṣọ funfun, agbábọ́ọ̀lù kan dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Àwọn ẹyẹlé tó yẹ kó máa sá fún wọn ń bà lé wọn lórí, wọ́n sì ń yàgbẹ́ sí wọn lára.

Ti ìdílé Ikram jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi kan. Ó wọ agbádá bàbá Ikram, ó dé fìlà, ó wọ ìbọ̀wọ́. Ara àpò ìdọ̀họ tó bo orí rẹ̀ ni Ikram ya ojú àti irùngbọ̀n sí. Ẹyẹlé kankan ò bà lé e.

Nosiru wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. “Àlàájì gan-an nìyí! Ó kù kó máa wo bàtà mi.”

“Ìwọ ṣáà dọ̀bálẹ̀,” ni Ikram wí.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré fún Nosiru. Ó ti pẹ́ tí òun àti Ikram ti ń fẹ́ra. Dublin ló dàgbà sí, ilé iṣẹ́ oògùn kan ní Grange Castle ló ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ kí Àlàájì Tàjùdíìnì, bàbá Ikram, ẹ̀rù bà á débi pé ọwọ́ ló nà sí bàbá náà pé kí àwọn bọwọ́, ó ní, “How's it going?” Àlàájì wo ọwọ́ náà, ó wo bàtà rẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Lẹ́yìn náà ló sọ fún Ikram pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù tí òun máa gbọ́ tẹnu ọmọ náà. Tó bá tún bà á jẹ́, kí Ikram wá ẹlòmíràn.

Ikram ló wá dábàá ìdánrawò.

“Bàbá ńkọ́?” ni Nosiru bi í.

“Ṣé o bá wọn nílé nígbà tó o wá mú mi?”

“Rárá.”

Ikram tún bùláńkẹ́ẹ̀tì tó wà lórí agbádá náà ṣe. “Ẹ pẹ̀lẹ́ o,” ló wí.

“O ń kí koríko?”

“Ó ti mọ́ mi lára. Ó yá, bẹ̀rẹ̀.”

Nosiru dọ̀bálẹ̀ sórí ewé tútù. Ikram ní ìdí rẹ̀ ga jù. Ó tún un ṣe. Obìnrin kan tó ń mú ajá rìn bi í bóyá nǹkan rẹ̀ ló sọnù. “Grand, thanks,” ló fi dá a lóhùn látilẹ̀, pé kò sí nǹkan kan.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n rárá.

“Bàbá, ẹ̀rù yín ń bà mí ju ti ọ̀gá mi lọ. Yorùbá mi ò dán mọ́rán. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ọmọ yín, mi ò ní jẹ́ kó sunkún. Tó bá jẹ́ agbádá yín lẹ ní kí n máa fọ̀, màá fọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ yéé wo bàtà mi.”

Ẹ̀rín pa Ikram débi tó fi di bẹ́ǹṣì mú. Bẹ́ǹṣì náà ń mì.

Obìnrin tó jẹ́ adájọ́ ìdíje náà dé. Ó ní òun ò tíì rí ère tó jọ ènìyàn tó báyìí rí. Ó fi rìbọ́nnì ipò kìíní há agbádá náà láyà, ó kọjá lọ.

Nosiru gbọn ewé kúrò lára. “Ó ku ti gidi,” ló wí.

“Ṣé Sátidé tó ń bọ̀ máa rọ àwọn òbí ẹ lọ́rùn?” ni Àlàájì Tàjùdíìnì béèrè láti inú àpò náà.