Yàrá Kẹrìnlá

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àńjọọ́rìn ti ṣe pátákó ìtọ́sọ́nà ilé ìwòsàn ojú yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni wọ́n ní kó tún un ṣe, torí àwọn aláìsàn ṣì ń ṣìnà. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ó yọ síta débi tí afọ́jú lè fọwọ́ kà á. Kí ni wọ́n tún ń fẹ́ gan-an? Ilẹ̀ ti ṣú, òun nìkan ló ń fìbínú kan ìṣó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó gbọ́ ọ̀pá tó ń kanlẹ̀ bọ̀. Bàbá arúgbó kan ni, ọwọ́ òsì rẹ̀ ń wọ́ tẹ̀ lé ògiri.

"Kú iṣẹ́, ọmọ mi. Pátákó tìrẹ ga ju ibi tí ọwọ́ ń dé lọ. Ti àtijọ́ ni mò ń kà."

"Kò sí ti àtijọ́ níbí, bàbá. Yàrá wo lẹ̀ ń lọ?"

"Ìkẹrìnlá."

"Mẹ́tàlá péré ni yàrá ibí, sà. Ògiri ló kù níwájú yín."

Bàbá tún fi ọ̀pá kanlẹ̀, ó ń lọ. Ó yà ní kọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn kan sì ṣí, ó tún padé.

Àńjọọ́rìn sáré débẹ̀. Ògiri ni lóòótọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ wá ìsàlẹ̀ ògiri. Lẹ́tà wà lábẹ́ ọ̀dà, ọ̀pọ̀ èèyàn ti fọwọ́ pa á títí ó fi ń dán: Yàrá Kẹrìnlá.

"Wọlé, ọmọ mi," ni ohùn bàbá náà wí láti inú ògiri. "O ti kà á."